Ọ̀rẹ́ mi ń kó lọ sí Àbújá: ṣé kí n bá wọn lọ?

Àbúrò mi, aránṣọ Ìgbógbó,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, n kò sì gbé e sílẹ̀ títí mo fi kà á tán. Kí àwọn tó ń bá wa ka abala yìí lè mọ ohun tí à ń sọ, ẹ jẹ́ kí n ro ó ní ṣókí. Aránṣọ wa àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó pè ní Ìyá Ìbejì, jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ní Sábó, Ìkòròdú. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe fíríìdómù, láti ìgbà náà wọn ò fira wọn sílẹ̀. Ìyá Ìbejì ló wẹ ọmọ fún un nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní báyìí, wọ́n ti fún ọkọ Ìyá Ìbejì, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ní lẹ́tà pé kó máa lọ sí Àbújá. Oṣù Kẹjọ ni gbogbo ilé ń kó. Ilé tí wọ́n rí wà ní Kubwa, ó sì ní yàrá kan lẹ́yìn. Ìyá Ìbejì ní kí aránṣọ wa kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá máa gbé yàrá náà, owó ilé á di ìgbà tó bá rí. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: "Àǹtí, bó bá lọ, ta ló kù fún mi? Ṣé kí n bá wọn lọ ni?"

Má bá wọn lọ ní oṣù Kẹjọ. N kò sọ pé má lọ sí Àbújá láéláé o. Ọ̀tọ̀ ni ká lọ sí Àbújá, ọ̀tọ̀ ni ká gun orí ẹrù ẹlẹ́rù lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ kúrò lọ́nà. O ní ó fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ ni obìnrin ń tẹ̀lé, ta ló ń tẹ̀lé ọ̀rẹ́? Má dá a lóhùn. Bí àwọn baba wa ò bá tẹ̀lé ọ̀rẹ́, báwo ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà ṣe dé Jọ́ọ̀sì? Báwo ni àwọn ará Èjìgbò ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Abidjan? Ẹnì kan ló ṣáájú, ó rí i pé ọjà ń tà, ó ránṣẹ́ pe ẹnìkejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn èèyàn wa ṣe ń wọ Gánà, títí ìjọba ibẹ̀ fi lé àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú ní 1969. Kò sí ẹ̀gàn nínú ká tẹ̀lé ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n wo ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n débẹ̀: oníkálukú tẹ́ àtẹ tirẹ̀. Ẹni tó pè wọ́n lè fún wọn níbi tí wọ́n á sùn, ó lè bá wọn gba ọjà àwìn, àmọ́ bí ẹni náà bá padà sílé lọ́la, àtẹ wọn á ṣì wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tìrẹ ti ń kọ mí lóminú. Kì í ṣe ọjà tó ń tà ló ń gbé ọkọ Ìyá Ìbejì lọ sí Kubwa, lẹ́tà ìjọba ni. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó olú ìlú kúrò ní Èkó, ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòròdú ló ti mọ irú lẹ́tà yìí. Nígbà mìíràn bàbá á lọ, ìyá á dúró, wọ́n á máa rí ara wọn ní òpin oṣù. Nígbà mìíràn gbogbo ilé á kó, ilé tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ara kọ́ sí Agric tàbí Ìsàwó á di ti ayálégbé. Orúkọ ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ ló wà lórí lẹ́tà yẹn. Owó oṣù rẹ̀ á wọlé bó wà ní Kubwa, bó wà ní Sókótó. Orúkọ tìrẹ kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ tó kọ èyí lè kọ òmíràn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kí wọ́n ní kó máa lọ sí Màídúgùrì tàbí Kàlàbá. Nígbà náà ńkọ́? Ṣé wàá tún dì ẹrù? Ṣé Ìyá Ìbejì á tún máa wá ilé tó ní yàrá lẹ́yìn?

Ohun tí mo fẹ́ kí o bi ara rẹ nìyẹn, kí o sì dá ara rẹ lóhùn láì tan ara rẹ jẹ. Bí wọ́n bá gbé wọn kúrò ní Kubwa, ṣé wàá dúró? Bí o bá lè sọ pé mo máa dúró, torí pé ṣọ́ọ̀bù mi wà níbẹ̀, oníbàárà mi wà níbẹ̀, ọkọ mi ti ríṣẹ́ níbẹ̀, máa lọ, Ọlọ́run á sìn ọ́ lọ. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá dì ẹrù ni ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ Ìkòròdú, jókòó sí Ìgbógbó.

Ó yà mí lẹ́nu pé o kọ gbogbo lẹ́tà yẹn, o ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé ìwọ̀n rẹ, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já tí o fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ (mo mọ̀ pé ó ti já, kò sí ti télọ̀ tí kì í já), ta ló wà nínú rẹ̀? Èjìká ìyàwó pásítọ̀. Ọwọ́ bùbá Alhájà tó máa ń gbé aṣọ padà wá pé kí o tún dín in kù. Àyà ìyàwó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí o ti fa ọ̀kan rẹ́ tí o kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn yẹn ni wọ́n ń fa aṣọ ẹbí wá fún ọ. Wọn ò ní bá ọ dé Kubwa.

Àbújá ní ọjà tirẹ̀, mi ò bu ọjà wọn kù. Ọjọ́ Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, ẹni tó mọ kaftan ọkùnrin rán dáadáa, tí ọrùn rẹ̀ jókòó, kò ní jókòó lásán. Ṣé o mọ̀ ọ́n rán? Ìró, bùbá àti ankárá obìnrin lo sọ pé o ń rán. Yorùbá kún Kubwa, wọ́n á rán èyí náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní télọ̀ tiwọn. Tún wo ọ̀rọ̀ Kérésì. Lọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú, oṣù Kejìlá ni ẹ̀yin aránṣọ kì í sùn. Ní Àbújá, bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, kálukú á kọjú sí ìlú baba rẹ̀, ìgboro á dá páropáro. Aṣọ tí wọ́n máa gbé lọ sílé, wọ́n ti gbà á kí wọ́n tó wọkọ̀. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú ní oṣù Kẹjọ, léèsì ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi dán ọ wò?

Yàrá ẹ̀yìnkùlé yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú rere ni wọ́n fi ní kí o wá. Inú rere yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Iná mítà wọn ni áyọ́ọ̀nù rẹ á máa jẹ, o sì mọ bí áyọ́ọ̀nù télọ̀ ṣe ń jẹ iná. Oṣù àkọ́kọ́, Ìyá Ìbejì á ra iná, kò ní wí nǹkan kan. Oṣù kejì, iná á tán lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọkọ rẹ̀ á béèrè pé ṣebí Ọjọ́rú la rà á, ta ló jẹ ẹ́ tán? Ìyá Ìbejì á dákẹ́. Ìwọ náà á gbọ́ ọ láti inú yàrá, torí fèrèsé ilé ìdáná wọn ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà rẹ. Ẹnikẹ́ni ò bú ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ bó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, o ò ní lè yọjú tọrọ iyọ̀ bí o ṣe ń tọrọ rẹ̀ ní Ìgbógbó. Mo tún wo lẹ́tà rẹ lókè nísàlẹ̀, n kò rí ibi tí Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ti ní kí o máa bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló pè ọ́. Bàbá Ìbejì ni orúkọ rẹ̀ wà lórí àgírímẹ́ńtì ilé.

Ó kan ọkọ tìrẹ. Gbólóhùn kan ṣoṣo lo fi fún un: "Ọkọ mi kò sọ pé rárá." Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ní Odógúnyán, tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé òun fẹ́ kó ọmọ méjì lọ sí Àbújá, tí kò sọ pé rárá, kò tíì sọ nǹkan kan ni. Jókòó tì í lọ́jọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, kí o bi í ní ohun tí kò lè fi "a máa wò ó" dáhùn. Oṣù wo ni ìwọ náà máa wá? Iṣẹ́ wo lo fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ta ni yóò máa san rẹ́ǹtì Ìgbógbó títí dìgbà náà? Bó bá sì jẹ́ pé àárín ẹ̀yin méjèèjì ló ti tutù, tí Kubwa wá dà bí ọ̀nà tí o fẹ́ gbà yọ, tètè sọ òótọ́ yẹn fún ara rẹ. Lẹ́tà mìíràn nìyẹn, màá sì dáhùn rẹ̀ bí o bá kọ ọ́.

Ọmọ rẹ obìnrin, ní tirẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kúrò ní Ìkòròdú lọ́dún yìí. N kò ní fi ìyẹn dúnàádúrà. SS3 ló ń wọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ilé-ìwé ìjọba ló wà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló sì ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ SS3 ilé-ìwé ìjọba. Bí o bá fà á yọ, àpò rẹ ni owó yẹn á ti jáde, lẹ́yìn tí o bá ti rí ilé-ìwé tó gbà láti gba ọmọ SS3 wọlé. O tún ní òun ló ń gba ipò kìíní nínú iṣẹ́ Yorùbá ní kíláàsì wọn. Ṣé o rò pé gbogbo ilé-ìwé Àbújá ló ní olùkọ́ Yorùbá ni? Jẹ́ kó jókòó síwájú olùkọ́ rẹ̀ títí ìdánwò á fi parí.

Bó bá jẹ́ èmi ni, mo máa bá Ìyá Ìbejì dì ẹrù rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, màá sì sunkún mi dáadáa. Màá rán aṣọ Kérésì ní Ìgbógbó, màá sọ fún alájọ pé kó má fún mi lówó àjọ mi kí ọdún tó yí. Nígbà tí ọjà bá dẹ̀ ní oṣù Kejì, màá fi owó ara mi wọkọ̀ àárọ̀ lọ kí wọn. Ọ̀nà náà jìn o: Ṣàgámù, Ore, Benin, Ọ̀kẹ́nẹ́, Lọ́kọ́ja, Zuba, kí o tó ya sí Kubwa, kò sì sí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra l'Ékòó lọ tààrà sí Àbújá. Ojúmọmọ ni kí o rìn ín. Bí o bá débẹ̀, má jókòó sí pálọ̀ máa bá ìbejì ṣeré. Dá rìn. Wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀, béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí ìró àti bùbá, béèrè rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù, béèrè bóyá ọdún kan ni wọ́n ń gbà tàbí méjì. Lọ sí ọjà Wuse, kí o ra òwú àti báńdì níbẹ̀, kí o mọ ibi tí Hausa ti máa di ọ̀ranyàn fún ọ. Lẹ́yìn WAEC ọmọ rẹ ni kí o tó pinnu. Bó bá sì di pé ò ń lọ, gba yàrá tìrẹ ní àdúgbò mìíràn, kí o fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ, kí o sì padà sílé rẹ lálẹ́.

Ohun kan tí o ò kọ, tí mo rò pé mo rí: ẹ̀rù ń ba Ìyá Ìbejì. Òun náà ń fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kò mọ ẹnì kankan níbi tó ń lọ, ojú kan tó mọ̀ ló ń wá. Nítorí náà, má fi "ọkọ mi kò gbà" dá a lóhùn. Jókòó tì í, kí o sọ pé, "Mi ò lè bá ẹ lọ báyìí, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ wá wo ẹ́ ní oṣù Kejì." Kó ní ọjọ́ tó ń retí. Aṣọ ọdún àwọn ìbejì, ìwọ ni kó ṣì máa rán an. Kó máa fi ìwọ̀n wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí wọ́n á máa ga sí i. Kí o di aṣọ náà sínú ọ̀rá méjì, kí o fi máákà kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ gàdàgbà sára rẹ̀, kí o gbé e lọ sí gáréèjì kí wọ́n bá ọ fi ṣe wébíìlì, kí o sì gba nọ́ńbà dírẹ́bà. Ó máa dọ́wọ́ rẹ̀.

O béèrè nísàlẹ̀ lẹ́tà bóyá kí o ta ẹ̀rọ tí o fi ń wífù etí aṣọ, kí o fi kún owó ọkọ̀, pé ẹnì kan ní Ìta-Ẹlẹ́wà ti ń ná an. Má tà á. Pe ẹni náà lónìí, kó tó gbé owó wá.