Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ajá, ológbò àti ibùdó RV lẹ́bàá ìlú ńlá

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì dá lé: àwọn tó ń fi ọkọ̀ RV, ìyẹn ọkọ̀ tí èèyàn lè máa gbé inú rẹ̀ bí ilé, rìn káàkiri Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń dúró sí ibùdó tó sún mọ́ ìlú, tí ẹran ọ̀sìn wọn sì wà pẹ̀lú wọn. A mú mẹ́fà nínú rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibùdó kan kọ ọ́ síta pé àwọn gba ẹran ọ̀sìn. A sanwó ọjọ́ mẹ́ta, a dé ẹnu géètì, wọ́n ní irú ajá wa kò lè wọlé. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀?

Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́, bó tilẹ̀ dunni. Inú ìwé òfin ibùdó ni ojúlówó ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ara pátákó. Pit bull, Rottweiler àti German Shepherd wà lára àwọn tí wọ́n sábà máa ń kọ̀. Òṣìṣẹ́ ẹnu géètì kò kórìíra ajá yín. Iléeṣẹ́ adójútòfò tí ibùdó ń sanwó fún ló máa ń to orúkọ àwọn ajá yẹn sílẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì bu èèyàn jẹ nínú ọgbà, adójútòfò lè ní òun kò ní san kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí òfin ìlú kò fi lè gbà yín sílẹ̀. Ní Denver, òfin tó ti lé pit bull jáde láti ọdún 1989 yí padà lẹ́yìn ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 2020, síbẹ̀ ibùdó tó ní òfin tirẹ̀ ṣì lè dá irú ajá bẹ́ẹ̀ padà.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mú ẹkún sun. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó sanwó. Ẹ bi wọ́n pé ẹran mélòó ni wọ́n ń gbà lójú kan, nítorí méjì ni ọ̀pọ̀ ń gbà, ẹlẹ́ẹ̀kẹta a sì di wàhálà. Bí ajá yín bá jẹ́ àdàlù, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń wò láti mọ irú tó jẹ́: ṣé ìwé dókítà ni, àbí ojú lásán? Ẹ bèèrè bóyá owó orí ẹran jẹ́ ti alẹ́ kọ̀ọ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù, tí àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé, ni bóyá wọ́n fàyè gba kí ajá dá wà nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá jáde. Ibùdó mìíràn kò gbà á rárá, bẹ́ẹ̀ ìlú tí ẹ fẹ́ wọ̀ ló gbé yín wá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dáhùn tán, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, kí irú ajá yín àti ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó dá yín lóhùn lónìí lè má sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Ẹ mú ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi dání. Báàjì tó wà lọ́rùn ajá kò rọ́pò ìwé náà. Bó bá sì jẹ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni ajá gbà, lẹ́yìn ọjọ́ 28 ni a tó kà á sí ajá tí àjẹsára ti ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, nítorí náà gbígbà á ní ọ̀sẹ̀ ìrìnàjò kò bọ́ sí i.

Ajá tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ láti ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ yàtọ̀. Lábẹ́ ADA, òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, wọn kò lè gba owó ẹran lórí rẹ̀, wọn kò sì lè kọ̀ ọ́ nítorí irú ajá tó jẹ́. Ajá tó kàn ń tu èèyàn nínú kò sí nínú òfin yẹn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má sọ pé ajá yín jẹ́ ohun tí kò jẹ́. Àwọn tó nílò ajá wọn ní tòótọ́ ló ń fara gbá a.

Ṣé a lè ti ilẹ̀kùn, ká fi ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ fún ajá, ká wọ ìlú lọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́?

Nínú gbogbo lẹ́tà yìí, èyí ló kó wa láyà sókè jù. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe olùtọ́jú ajá. Bí iná bá lọ, ọkọ̀ yẹn di ààrò.

Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n pa sí oòrùn, bí ìta bá jẹ́ 21°C, inú ọkọ̀ á dé nǹkan bíi 32°C láàárín ìṣẹ́jú 10, á sì dé 40°C láàárín ìṣẹ́jú 30. Fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ kò yí i padà tó bẹ́ẹ̀. RV tóbi ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, ooru rẹ̀ kò yára gòkè tó yẹn, àmọ́ ibi kan náà ló ń lọ. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ẹnu àti ahọ́n ló fi ń tu ara rẹ̀ lára, ìdí sì nìyẹn tí bulldog àti pug tí imú wọn kúrú fi ń tètè kú sínú ooru.

Kí ló ń mú iná lọ ní ibùdó? Ìṣirò tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ló sábà ń fà á. Òpó iná tó jẹ́ 30 amp (amp ni ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá) kò lè gbé ju wáàtì 3,600 lọ lórí fóòtì (volt) 120. Ẹ̀rọ amúlétutù kan ń fa amp 13 sí 16. Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, bó bá wà lórí iná dípò gáàsì, ń fa bíi 12. Tí àwọn méjì yìí bá jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ̀rọ tó ń gba bátìrì lágbára sì ń fa tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀, bírékà ti ń gbóná láìsí ẹni tó fọwọ́ kan máíkírówéèfù. Ẹ pa ẹ̀rọ omi gbígbóná lórí iná kí ẹ tó jáde, ẹ fi sí gáàsì tàbí kí ẹ pa á pátápátá. Bírékà máa ń fara da díẹ̀, á wá já lọ́sàn-án gangan nígbà tí ẹ ti jìnnà.

Èkejì ni iná tó rọ̀. Ní ọ̀sán ìgbà ooru, gbogbo ọkọ̀ inú ibùdó ló ń lo ẹ̀rọ amúlétutù, fóòtì á wá máa wálẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń dáàbò bo iná ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gé iná bó bá ti wálẹ̀ sí bíi fóòtì 104, kí mọ́tò ẹ̀rọ amúlétutù má bàa jóná. Ohun tó tọ́ ló ṣe, àmọ́ ajá wà nínú ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta ni plọ́ọ̀gì. Ihò òpó iná ibùdó tó ti pẹ́ máa ń gbò, kì í di irin plọ́ọ̀gì mú dáadáa mọ́. Ẹ wo irin plọ́ọ̀gì yín: bí ọ̀kan nínú wọn bá ti dúdú, tí ike ìdí rẹ̀ sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó sì ti ń yọ́ létí, ibẹ̀ ló ti ń jó. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ amúlétutù bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, ẹ gbé ọwọ́ lé ara plọ́ọ̀gì náà lókè. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bí ọwọ́ kò bá gbà á, ẹ pa bírékà òpó náà, kí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ààyè mìíràn.

Ìdánwò kan wà tó yẹ kí ẹ ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ tó fi ajá sílẹ̀ rárá. Nígbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù láti ibi ìdarí rẹ̀, ẹ lọ pa bírékà òpó, kí ẹ sì tún tan ibi ìdarí náà padà sí bí ẹ ṣe máa ń fi í sílẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, ẹ wá tan bírékà. Ẹ jókòó, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ amúlétutù á padà bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn kan kì í padà wá títí ẹnìkan á fi tẹ bọ́tìnnì. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, iná tó lọ fún ìṣẹ́jú kan péré ti parí ọ̀rọ̀ ajá yín fún gbogbo ọ̀sán.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru, tó ní bátìrì àti SIM tirẹ̀. Èyí tó ń lo Wi-Fi ibùdó kò wúlò, torí pé bí iná bá lọ ní ibùdó, Wi-Fi náà á bá a lọ. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa ké sí fóònù yín ní 27°C. Lẹ́yìn náà ẹ bi ara yín pé ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ óò fi dé láti àárín ìlú. Bó bá ju 20 lọ, ó yẹ kí ẹnìkan wà nítòsí tó lè ṣílẹ̀kùn: aládùúgbò tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀, tó ní kọ́kọ́rọ́, tí ajá ti mọ òórùn rẹ̀. Bí kò bá sí, tí ọjọ́ sì gbóná, ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ajá lọ́sàn-án ni kó lọ.

Bí ẹ bá dé tí ẹ bá ajá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí itọ́ rẹ̀ ki, tí erìgì rẹ̀ pọ́n kóró, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí gbogbo ara rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ má fipá fún un lómi mu. Ẹ tù ú lára ná, kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bó tilẹ̀ dà bíi pé ó ti yá, ẹ ṣì gbé e lọ, torí pé ohun tí ooru bà jẹ́ nínú kídìnrín kì í hàn lójú ẹsẹ̀.

Aládùúgbò wa fẹ̀sùn kàn wá nítorí ajá wa ń gbó látàárọ̀. Nílé, kì í gbó. Kí ló dé?

Nílé, ó mọ ohùn gbogbo ohun tó ń kọjá. Níbi tí ẹ wà yìí, ẹlẹ́sẹ̀ ń gba ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá síbi fèrèsé kọjá, ajá àjèjì ń tọ̀ sára táyà yín, ọkọ̀ ojú irin ń fun fèrè lóru. Ẹ fi aṣọ bo fèrèsé tó kọjú sí ojú ọ̀nà, àgàgà èyí tó wà nítòsí ìjókòó tí ajá ń gùn. Ẹ tan rédíò, kí ohùn rẹ̀ wà ní ìwọ̀nba. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ jáde fún ìṣẹ́jú 5, ẹ padà. Ẹ tún jáde fún 15, lẹ́yìn náà 40. Ẹ fi fóònù kan sílẹ̀ kó máa gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ lè mọ ìgbà tí gbígbó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì tí ẹ jáde, ẹ̀dùn ìdáwà ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó rí níta ni.

Nígbà míì kẹ̀, ẹ wo àwòrán ibùdó láti òfurufú lórí Google Maps, kí ẹ sì yàgò fún ààyè tó wà létí ojú irin, ẹnu géètì tàbí ọgbà ajá.

Ológbò méjì ni mo ní. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ń kà, ajá nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni ẹ sọ, bẹ́ẹ̀ ewu ti ológbò yàtọ̀. Yàrá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ń yọ síta tó sì ń wọlé padà ló léwu jù. Ológbò tí ẹ̀rù ń bà á máa ń wọ abẹ́ rẹ̀, níbi tí irin ti ń rìn, ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ló ń fún un pa. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì yẹn láé, ìbáà jẹ́ wíwọlé tàbí yíyọ, títí ẹ óò fi rí ológbò méjèèjì nínú àgò wọn pẹ̀lú ojú ara yín. "Wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì níṣẹ̀ẹ́jú tó kọjá" kò tó.

Ilẹ̀kùn ló tẹ̀lé e. Ẹ fi géètì ọmọdé sí orí àtẹ̀gùn inú, kí ilẹ̀kùn méjì wà láàárín ológbò àti ìta. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní ibùdó, ẹran tó gbọ́ràn jù náà ń sọnù, nítorí pé ilé rẹ̀ ti ṣípò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan. Chip ara rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré abẹ́ awọ tí wọ́n fi ń mọ olówó ẹran, kò wúlò bí nọ́ńbà fóònù tó wà lórúkọ rẹ̀ bá ti yí padà. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Kí ẹ sì so báàjì kan mọ́ ọn lọ́rùn tó ní nọ́ńbà fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ti ilé.

Ṣé a lè gbé ajá wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibùdó lọ sínú ìlú?

Ní New York àti Washington, inú àpótí tàbí àpò tó tì pa ni ẹran ọ̀sìn gbọ́dọ̀ wà kó tó lè wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ajá tí kò lè wọ inú rẹ̀ kò lè lọ, àfi èyí tó ń ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn nínú ìlú lọ́sàn-án, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà ojú títì fún ìṣẹ́jú àáyá 7. Bí ẹ kò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà kò lè fara dà á.

Ẹ má sì ronú pé ẹ óò kúkú wa RV náà wọ inú ìlú nítorí ajá. Ní Baltimore, ọ̀nà abẹ́ omi I-95 àti I-895 kò gba ọkọ̀ tí sílíńdà gáàsì rẹ̀ ju pọ́n-ùn 10 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ RV ló gbé sílíńdà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A fẹ́ kọjá láti Detroit sí Windsor ní Kánádà, ká dúró lọ́sẹ̀ kan, ká padà. Ìgbẹ́ gbuuru tún ń yọ ajá wa lẹ́nu ní ibùdó kọ̀ọ̀kan.

Ti ààlà kọ́kọ́. Kánádà á bèèrè ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ. Nígbà tí ẹ bá ń padà sí Amẹ́ríkà, òfin CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2024 ní kí ajá ti pé oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kó ní chip tó ṣeé kà, kára rẹ̀ dá, kí ẹ sì ti kún fọ́ọ̀mù wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ajá oṣù mẹ́rin lè wọ Kánádà tán, kó má lè padà wálé. Ajá tó ti dé orílẹ̀-èdè tí dìgbòlugi ajá wọ́pọ̀ sí láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, òfin tirẹ̀ le ju èyí lọ.

Ti ìgbẹ́ gbuuru: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ gbé gálọ́ọ̀nù omi ilé méjì dání, ẹ máa pò ó pọ̀ mọ́ ti ibùdó, ìdajì sí ìdajì lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ omi tó wà níbi tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́ ọkọ̀ nù wà fún fífọ róbà nìkan. Ajá kò gbọ́dọ̀ mu ún. Ẹ má jẹ́ kó mu nínú abọ́ tí gbogbo ajá jọ ń lò, tàbí nínú adágún òjò, torí pé ìtọ̀ eku máa ń kó àrùn leptospirosis sínú rẹ̀. Ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì pé kò ní nǹkan kan ṣe ní ọgbà ajá: kòkòrò àrùn parvo tó ń pa ọmọ ajá lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tó bá ń bì pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má fi í di ọ̀la.

Ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ tú irun abẹ́ apá, ẹ̀yìn etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò fún eégbọn. Ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣónṣó dì í mú níbi tó ti wọ awọ ara, ẹ fà á tààrà, ẹ má yí i, ẹ má ta kẹrosíìnì sí i.