Prolactin mi ga, wọ́n ní kí n lọ ya MRI orí: ohun tí ojú tèmi rí

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ lánàá, mi ò sì rí oorun sùn dáadáa. O ní ọmọ ọdún 26 ni ọ́, nǹkan oṣù rẹ ò wá láti oṣù márùn-ún, omi ọmú ń jáde lára rẹ bẹ́ẹ̀ o ò lóyún, o wá ṣe tẹ́ẹ̀sì, prolactin, họ́mọ̀nù tó ń mú kí ọmú ṣe wàrà, jáde ní 94, dókítà ní ó lè jẹ́ pé pituitary, ohun kékeré inú orí tó ń ṣe họ́mọ̀nù yẹn, ló ní ìṣòro, kó o lọ ya MRI, ìyẹn àwòrán inú orí, àtìgbà náà lo ti ń sunkún. Mo mọ ẹkún yẹn. Mo sun ún lọ́dún 2014, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì mí tó ṣàlàyé, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ gbogbo eléyìí.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ lára bùláòsì. Mo wọ áńkárá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí mo ṣe dìde ká kọrin báyìí, mo rí i pé ọ̀gangan ọmú òsì mi ti tutù, ó rí róbótó. Mo rò pé òógùn ni. Mo délé, mo tẹ̀ ẹ́, wàrà funfun ló jáde, mi ò sì tíì bímọ rí nígbà yẹn. Mo lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní prolactin mi ga, dókítà tí mo rí kàn kọ bromocriptine, oògùn tó ń fa prolactin wálẹ̀, fún mi, kò béèrè nǹkan kan, kò sọ bí n ṣe máa lò ó. Mo gbé e mì láàárọ̀ lórí òfìfo inú, nígbà tó máa fi tó wákàtí kan òòyì ti gbé mi lulẹ̀ nínú ọjà, mo ń bì, ni mo bá da ìyókù nù. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ ẹ̀mí ló ń mu ọmú lára mi lóru. Wọn ò fi ibi sọ ọ́ o, ohun tí àwọn náà gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wọn ni. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gun òkè àdúrà, tí mo ń mu àgbo, láìpadà sí ọsibítù. Bí o bá ń gbàdúrà, máa gbà á lọ, mo ṣì ń gbà á títí dòní, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ọsibítù ni kó o ti máa gbà á.

Férémù ilẹ̀kùn ló gbé mi padà sí ọsibítù. Èjìká ọ̀tún mi ń kọlu férémù ilẹ̀kùn kíṣìnì lójoojúmọ́, mo rò pé ìkánjú ni. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ sọdá títì ní Mọ́kọ́lá, ọ̀kadà kan ku díẹ̀ kó gbá mi, ọlọ́kadà ń pariwo pé ṣé mi ò rí òun ni, àní mi ò rí i lóòótọ́. Mo ń rí iwájú kedere, mo ń ka Bíbélì mi, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì ti ṣókùnkùn. Ibi tí pituitary wà ló fà á. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló wà, lẹ́yìn ibi tí imú ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ojú méjèèjì, òkè rẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni iṣan tó ń bọ̀ látinú ojú méjèèjì ti pàdé. Bí kókó bá hù níbẹ̀ tó sì ń ga sí i, iṣan yẹn ló máa tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ lojú sì máa ń kọ́kọ́ pàdánù.

Ó dáa, ká wá bọ́ sórí 94 tìrẹ. Gbé bébà yẹn, wo ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé nọ́ńbà náà, ṣé ng/mL ni àbí mIU/L? Nítorí 1 ng/mL fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 21 mIU/L. Bó bá jẹ́ ng/mL, ó ga lóòótọ́, ọ̀pọ̀ lábù ń fi nǹkan bí 25 ṣe òpin fún obìnrin tí kò lóyún, bó bá sì jẹ́ mIU/L, 94 ò ga rárá. Tèmi lọ́dún 2016 jẹ́ 312 ng/mL. Bó bá ti lé ní 200 ng/mL báyìí, kókó ló sábà máa ń jẹ́, àmọ́ irú 94 yìí, nǹkan púpọ̀ ló lè fà á yàtọ̀ sí kókó.

Oògùn ni kó o kọ́kọ́ wò. Ṣé o ń lo nǹkan kan fún ọgbẹ́ inú tàbí èébì? Metoclopramide, tí wọ́n ń tà fún wa bíi súìtì ní kẹ́mísì yẹn, ó máa ń gbé prolactin sókè gan-an. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Aldomet náà ń gbé e, àti ọ̀pọ̀ oògùn àìsàn ọpọlọ bíi risperidone àti haloperidol. Bó bá jẹ́ pé dókítà ló fún ọ ní ọ̀kan nínú wọn, má dá a dúró fúnra rẹ, sọ fún un. Má fi àgbo pamọ́ fún wọn, má fi oògùn irun àti èékánná pamọ́ náà, biotin, fítámì kan tó wà nínú ẹ̀, lè da èsì tẹ́ẹ̀sì họ́mọ̀nù rú. Ṣe tẹ́ẹ̀sì oyún, kódà bó o bá ti búra pé kò sí oyún. Kó o sì ní kí wọ́n yẹ thyroid rẹ wò, ohun tó ń ṣe họ́mọ̀nù níwájú ọrùn, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TSH àti T4 ni. Aládùúgbò mi kan, omi ọmú ń jáde lára tiẹ̀ náà, ó ti ń tọ́jú owó MRI, àṣé thyroid rẹ̀ ló rẹ̀yìn, thyroxine, oògùn thyroid, nìkan ló lò, prolactin sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ní kí wọ́n tún prolactin yẹn ṣe. Má lọ bó o bá ṣe ń jí, oorun máa ń gbé e sókè, jẹ́ kó tó wákàtí méjì mẹ́ta lẹ́yìn tó o jí. Má tẹ ọmú wò (mo mọ̀ pé ò ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà láti mọ̀ bóyá ó ti dá, èmi náà ṣe é, jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀, títẹ̀ yẹn gan-an ń fà á). Má sáré dé lábù, jókòó, sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, torí ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ lásán lè gbé e sókè díẹ̀.

Bó bá ṣì ga, lọ ya MRI náà. Má jẹ́ kí CT, irú àwòrán míì tó dín owó díẹ̀, tàn ọ́, kókó kékeré níbẹ̀ kì í sábà hàn lójú CT. Wàá yọ yẹtí, píìnì orí àti bùrà, wọ́n á tì ọ́ wọnú ẹ̀rọ, ariwo ẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ kọnkéré, wọ́n á gún ọ lábẹ́rẹ́ kan kó lè hàn dáadáa. Mo di ojú mi látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tèmi jẹ́ mílímítà 17. Bí kò bá tó 10, kékeré ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ tó ń pa ọ́ lẹ́kún ni "kókó inú orí", mo mọ̀. Gbọ́ mi dáadáa: kókó pituitary, jẹjẹrẹ kọ́ ló sábà máa ń jẹ́, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó sì ń ṣe prolactin yìí, oògùn ló sábà máa ń mú un súnkì, wọn kì í tètè dé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Dókítà họ́mọ̀nù, endocrinologist, ni kó o lọ bá, wọ́n wà ní UCH n'Ìbàdàn, LUTH l'Ékòó, OAUTHC n'Ífẹ̀. Dókítà obìnrin tó gba ọ̀rọ̀ mi rò fún mi ní cabergoline, oògùn míì tó ń fa prolactin wálẹ̀, ààbọ̀ hóró kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo máa ń fi bíléèdì là á sí méjì lórí àwo tánganran, màá jẹun alẹ́, màá gbé e mì, màá sùn lé e lórí, òòyì yẹn ò sì rí mi mú mọ́. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́ fún ọ, oṣù míì wà tí mo ta aṣọ kí n tó rí i rà. Àmọ́ láàárín oṣù mẹ́ta 312 ti di 38, ojú mi ti ń là kó tó dìgbà yẹn, nígbà tí wọ́n tún MRI ṣe lọ́dún 2017 ó ti di mílímítà 8. Nǹkan oṣù padà. Lọ́dún 2019 mo bí ọmọkùnrin. Bó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, mọ̀ pé oyún lè wọlé kí nǹkan oṣù tó padà wá pàápàá, torí náà jẹ́ kí dókítà mọ ohun tó o fẹ́. Bó o bá wá rí i pé o kàn ń ta tẹ́tẹ́ tàbí ò ń ná owó tí o kì í ná tẹ́lẹ̀, sọ fún wọn, oògùn yẹn máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀.

Bí orí bá ṣàdédé fọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n fi odó lù, tó o ń bì, tí ojú ń ṣú, má dúró de ọjọ́ klíníìkì, emergency ni kó o gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lálẹ́ òní, tú bébà yẹn jáde, wo ohun tó tẹ̀ lé 94, kó o sì kọ orúkọ gbogbo oògùn tó o ti lò láti oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Sọ wọ́n fún mi, mo ń dúró.