Ìwé wo lẹ máa mú lọ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi hàn pé ẹ̀ ń gbé ibẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira o. Ẹ ní ọdún mẹ́jọ lẹ ti ń gbé nínú ilé pákó yẹn, yàrá kan lẹ rẹ́ǹtì, wọ́n ti fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn pé ìjọba máa kó gbogbo yín lọ sílé tuntun, ẹ wá ń bẹ̀rù pé wọ́n á yọ yín sílẹ̀ torí ẹ ò níwèé ilẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi sáré kiri kí orúkọ mi tó padà wọ lísìtì àwọn tó máa gba ilé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ kọ́ ló yẹ kó dí yín lóorun. Ohun tí wọ́n sábà máa ń wò ni bóyá ẹ ti ń gbé ibẹ̀ kó tó di ọjọ́ kan tí wọ́n dá. Ní Mumbai ní Íńdíà, ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì 2000 ni gbèdéke fún ẹni tó máa gba ilé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó dé lẹ́yìn ìyẹn títí di ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì 2011 máa sanwó ni. Níbi tí owó Báǹkì Àgbáyé bá sì ti wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí ìkànìyàn bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kíka àwọn tó ń gbé àdúgbò náà, ni wọ́n sábà máa ń lò, ìlànà wọn sì fún ẹni tí kò níwèé ilẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ sí ìrànwọ́. Torí náà ẹ lọ béèrè: ọjọ́ wo lẹ dá fún tiwa? Kí wọ́n kọ ọ́ síwèé fún yín o, ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó.

Ohun tó kó bá èmi ni pé mi ò sí nílé lọ́jọ́ ìkànìyàn. Àbúrò ìyàwó mi tó wá kí wa ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi í lórúkọ, ó dáhùn, wọ́n sì kọ ọ́ bíi pé òun ló ń gbé yàrá yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ lísìtì mọ́ ògiri, mo fìka tọ orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nọ́ńbà tiwa ni 217, àmọ́ òjò ti fọ ọ̀dà pupa yẹn débi pé 7 ti dà bí 1, ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì wá kọ 211, yàrá onílé míì nìyẹn!

Mo kó rísíìtì owó ilé lọ, wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè jókòó kọ ìyẹn lálẹ́ àná. Ohun tó gbà mí sílẹ̀ ni káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì ti fi bírò kọ àdúgbò wa àti déètì síbẹ̀, ó lé lọ́dún méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn sì wà lára ẹ̀. Ìwé tí ẹlòmíì kọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé ò tíì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, òun ni wọn ò lè bá yín jiyàn lé lórí. Irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá: rẹ́kọ́ọ̀dù iléèwé ọmọ, káàdì ìdìbò, bíìlì iná, ohunkóhun tó bá ní àdírẹ́sì àti déètì. Tí orúkọ yín ò bá bára mu lórí wọn, ẹ lọ búra ní kóòtù kíákíá, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá kọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ orúkọ tọkọtaya. Ọkọ obìnrin kan ládùúgbò wa kú kí wọ́n tó pín ilé, orúkọ ọkọ nìkan ló wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá ìyá yẹn padà láti ọ́fíìsì kan sí òmíì ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó pé kó bá yín fi orúkọ sí lísìtì. Fọ́tòkọ́pì ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ojúlówó ìwé ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ bá sì kọ lẹ́tà ẹ̀sùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀dà ẹnu ilẹ̀kùn yẹn náà, kẹ́ ẹ tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, ẹ dúró síwájú ẹ̀, kí ẹnì kan ya yín ní fọ́tò kí nọ́ńbà hàn dáadáa kí òjò tó rọ̀.