Férèmù downhill 200mm ni àbí 160mm: ohun tí ojú mi rí lórí òkè Ìjẹ̀ṣà

Àbúrò mi tó ní òun ti kówó jọ, tí ẹni tó ń ta férèmù kẹ̀kẹ́ downhill, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń sáré sọ̀kalẹ̀ látorí òkè, l'Ékòó wá ń sọ fún un pé 200mm (bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn lọ sókè-sódò tó) ni kó gbà torí òun ló lágbára jù, jọ̀ọ́ má tíì sanwó. Irú ẹ̀ gan-an ni mo kọ́kọ́ rà, orí ẹ̀ náà ni mo ti fi èjìká ṣẹ́.

Iléṣà ni mò ń gbé, àwọn ọ̀nà oko tó ń já wálẹ̀ látorí òkè lápá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni mo ti máa ń gun kẹ̀kẹ́. Ṣé o mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, yangí wẹẹrẹ bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀, gbòǹgbò igi, kòtò tí àgbàrá gbẹ́, kọ́nà lórí kọ́nà, kó o tó mọ̀ o ti délẹ̀, o wá máa ti kẹ̀kẹ́ padà sókè nínú oòrùn. Wọn ò ṣe férèmù 200mm fún irú ibẹ̀ yẹn. Wo Fort William ní Scotland tí wọ́n ti díje World Cup downhill fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìsọ̀kalẹ̀ ẹ̀ lé ní 500 mítà, àwọn tó yára jù láyé gan-an máa ń lò ju ìṣẹ́jú 4 lọ kí wọ́n tó délẹ̀, ọkọ̀ orí wáyà ló sì ń gbé wọn gòkè. Níbí, ọ̀kadà á gbé ẹ dé ibi tí ọ̀nà bá dé, ìyókù dọwọ́ ẹsẹ̀ ẹ.

Nǹkan tó kọ́kọ́ yẹ kó o bi ara ẹ ni pé báwo lo ṣe ń sọ̀? Ṣé o máa ń tú bírékì sílẹ̀ kó o gba orí òkúta kọjá tààrà ni, àbí o fẹ́ràn kó o máa gé kọ́nà, kó o máa fò? Ibẹ̀ ni head angle ti wọ̀ ọ́, ìyẹn bí ọ̀pá tí fọ́ọ̀kì wọ̀ níwájú ṣe dagun sílẹ̀. Ti downhill gidi sábà máa ń wà láàárín dígírì 62 sí 64. Bó bá ṣe ń kéré sí i ni táyà iwájú ń jìnnà sí ẹ, tó o bá wà lórí eré gidi ọkàn ẹ á balẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò ní gbọ̀n, ṣùgbọ́n tí eré bá ti dín tí kọ́nà sì há, iwájú á kàn máa wọ́ ni, á le láti yí. Èmi, gígé kọ́nà ni mo fẹ́ràn, mo wá lọ ra 63, sáìsì Large, èmi tí mo ga ní 168cm péré.

Sáìsì yẹn ló ṣe mí léṣe jù. Reach ni kó o wò, má wo Medium tàbí Large tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Reach ni bí orí ọ̀pá iwájú ṣe jìnnà sí ibi pẹ́dàlì nígbà tó o bá nàró lórí ẹ̀. Tèmi gùn jù, apá mi nà tán, ìdí mi wà lẹ́yìn, kò sí ìwúwo kankan lórí táyà iwájú. Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, kọ́nà kan tí mo ti gbà láìmọye ìgbà, táyà iwájú kàn yọ̀ lórí yangí, mo balẹ̀ pẹ̀lú èjìká. Oṣù méjì ni mi ò fi lè gbé garawa omi.

Nígbà tí mo padà sórí ẹ̀, mo rí ìlà tín-ín-rín lábẹ́ ọ̀dà níbi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ férèmù. Ẹni tó tà á fún mi ti kun ún. Mo gbé e fún wẹ́dà, ó jó o dáadáa lójú, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì ó tún sán. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé tí iná bá ti kan álúmíníọ̀mù 6061, agbára ẹ̀ ti lọ níbẹ̀, àfi tí wọ́n bá tún gbé gbogbo férèmù sínú ààrò tí wọ́n ń wọn ooru ẹ̀, ta ló ní in níbí? Torí náà tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, fi àkísà nu gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn ọ̀pá iwájú, tó o bá rí i pé ọ̀dà ibì kan tuntun ju tìyókù lọ, fi sílẹ̀ fún un. Di férèmù mú, kó o mi apá ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì, tó bá ń ró kọ́kọ́, bíárìn ti jẹ.

Ohun tí mò ń gùn báyìí, ẹ̀yìn 160mm, fọ́ọ̀kì 170mm, head angle 64, Medium. Mo lè wa á padà sókè, mo sì ń gé kọ́nà bó ṣe wù mí, kódà mo yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti táyà, íǹṣì 27.5 ni mo fi sẹ́yìn torí mo kúrú, 29 máa ń gbá mi nídìí níbi tó bá dà gẹ̀rẹ́. Mi ò sọ pé 29 ò dáa o, òun ni Greg Minnaar ará South Africa gùn tó fi gbégbá orókè ní Fort William lọ́dún 2017, àmọ́ ọkùnrin gíga nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé eré tààrà ni tìẹ, tí ẹ sì ní ọkọ̀ tí á máa kó yín gòkè, gba 200mm yẹn, mi ò ní bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n bèèrè ìwọ̀n ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ (gígùn ẹ̀ àti bó ṣe ń wọlé tó, ní mm) kó o tó sanwó, ti àtijọ́ máa ń jẹ́ 241x76, ti tuntun 250x75, wọn kì í pààrọ̀ ara wọn. Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn náà, fífẹ̀ ti downhill sábà máa ń jẹ́ 150mm tàbí 157mm, tí họ́ọ̀bù táyà tó o ní nílé bá jẹ́ 148 kò ní wọ irú ẹ̀, o ò sì ní rí i rà l'ọ́jà Atákúnmọ́sà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Lágere n'Ífẹ̀. Wọn ara ẹ lálẹ́ yìí, kó o fi bó o ṣe ga ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú reach férèmù náà, màá sọ fún ẹ bóyá ó bá ẹ mu.