Koríko òkun ní Cancún: kí ni ká bèèrè ká tó sanwó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa méjì fẹ́ lọ lo ọjọ́ márùn-ún nínú oṣù Keje ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan létí òkun ní Cancún, orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Owó oúnjẹ àti ohun mímu ti wà nínú iye tí wọ́n pè. Ọ̀rẹ́ mi tó lọ ní oṣù Kẹfà ní koríko bo gbogbo etí òkun, ó sì ń rùn. Kí ni ká bi wọ́n?
Ìyá Ìbejì, Houston

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra o, Ìyá Ìbejì. Òótọ́ lọ̀rẹ́ yín sọ. Sargassum ni wọ́n ń pe koríko náà. Kì í ṣe Cancún ló ti ń hù. Orí òkun Àtìláńtíìkì ló ti ń léfòó bọ̀, láti apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí. Láti ọdún 2011 ló ti di wàhálà ńlá ní agbègbè òkun Kàríbíà, oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹjọ ló sì máa ń pọ̀ jù. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, kì í sábà pa èèyàn lára. Bó bá pẹ́ lórí yanrìn, á jẹrà, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Bí ọmọ kan bá ní ikọ́ fée, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ òkìtì rẹ̀ rárá, torí gáàsì ló ń tú jáde.

Ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n bóyá etí òkun wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa sọ. Ẹ bi wọ́n pé: aago mélòó ni wọ́n ń kó koríko láàárọ̀? Ṣé wọ́n ta okùn ìdènà sójú omi? Ìhà ibo ni etí òkun wọn kọjú sí? Èyí tó kọjú sí àríwá, bíi Playa Norte ní erékùṣù Isla Mujeres, kì í sábà rí tó èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Kí wọ́n fi fọ́tò tí wọ́n yà lánàá ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ń fi falẹ̀, ẹ wá ibòmíràn.

Owó náà ńkọ́? Ẹ bèèrè bóyá owó àyíká tí ìlú ń gbà lórí yàrá lálaalẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kì í fúnni ní yàrá kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, nítorí náà ẹ kó aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ sínú báàgì ọwọ́.

Ohun tó jẹ wá lógún jù ni omi fúnra rẹ̀. Ẹ wo àsíá kí ẹ tó wọ òkun: àwọ̀ ewé ní kò séwu púpọ̀; yẹ́lò ní kí ẹ ṣọ́ra; pupa ní omi ń bínú, ẹ má wọ̀ ọ́; dúdú ní wọ́n ti ti etí òkun. Ibi tí ìgbì kì í ti í fọ́, tó parọ́rọ́ láàárín ìgbì ọ̀tún àti tòsì, ibẹ̀ gan-an lomi ti ń wọ́ padà sójú agbami. Bó bá wọ́ ènìyàn, kó má ṣe bá a du ọ̀nà yanrìn tààrà, torí àárẹ̀ ibẹ̀ ló ń pa òmùwẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kó lúwẹ̀ẹ́ gbà, ní ìbú etí òkun, títí omi á fi tú u sílẹ̀, kó tó wá kọjú sí etí òkun. Bí kò bá lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́, kó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kó léfòó, kó sì máa juwọ́ sí ẹ̀ṣọ́ etí òkun.