Èsì: Àwòrán aláwọ̀ omi tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ fún ọdún kan

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwòrán aláwọ̀ omi náà (watercolour, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà tí a pò mọ́ omi yà sórí bébà) wà lára ògiri fún odidi ọdún tí àwọn olùṣètò ìfihàn ń béèrè, kódà bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bà á kò bá ju 50 lux lọ (lux ni ìwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé nǹkan ṣe pọ̀ tó). Ẹ fi í hàn fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ dá a padà sínú òkùnkùn, kí ẹ sì gbé òmíràn sí ipò rẹ̀, nítorí àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pa kò ní àtúnṣe. Bí wọ́n bá ta kú, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀dà náà kọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀dà ni.

Iṣẹ́ orí bébà àti fọ́tò àtijọ́ ni ìmọ̀ràn yìí wà fún. Àwòrán ọ̀dà olóròóró lè gba nǹkan bí 200 lux.

Kí ẹ tó yọ àwòrán aláwọ̀ omi náà nínú férémù, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀. Ní mùsíọ́mù ìtàn, orúkọ tí ẹnìkan fi pẹ́ńsù kọ síbẹ̀, tàbí ìwé pélébé tí ẹni tó ṣe férémù lẹ̀ mọ́ ọn, lè sọ ju ojú àwòrán gan-an lọ.