Ẹ Bi Káfíńtà: Ilẹ̀kùn mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀rọ wo ni kí n rà?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. A ti lẹ táìsì sí pálọ̀, ó ku yàrá mẹ́ta. Ẹni tó lẹ ti pálọ̀ gé táìsì yí ẹsẹ̀ fúrémù ilẹ̀kùn ká, ó wá fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo tó kù, ó rí bí eyín tí wọ́n fi ẹ̀kọ dí. Ẹnì kan fi fídíò ẹ̀rọ kan hàn mí tó ń gbọ̀n, tí wọ́n fi ń gé ìdí fúrémù kí táìsì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ rà á, kí n sì tún máa fi ha sìmẹ́ńtì funfun tó ti dúdú láàárín táìsì balùwẹ̀. Mo rí olówó pọ́ọ́kú, mo tún rí èyí tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà tiẹ̀. Èwo ni owó mi ò ní ṣòfò lé lórí, sà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ilé, mà. Eyín ẹlẹ́kọ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, torí mo ti rí i ní ilé tó ju ogún lọ.

Multi-tool ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bódìjà, Gbọ̀nrìrì là ń pè é. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dì í mú tí gbogbo apá rẹ̀ ń gbọ̀n títí dé èjìká, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kì í yí bíi gíráńdà. Ńṣe ni orí rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì, bíi dígírì 3 sí 4 péré, ṣùgbọ́n ó lè tó ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Iléeṣẹ́ Fein ní Jámánì gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1967, kì í sì í ṣe nítorí káfíńtà: àwọn dókítà ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè fi gé POP kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Awọ ara rọ̀, bó bá ti kàn án, á máa bá a mì ni. POP líle kò lè mì, òun ni yóò gé. Ẹ má torí èyí fi ìka dán tiwa wò o. Bíléèdì igi ní eyín gígùn, kò mọ ọmọ olóore.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó rà á, bíléèdì ni ẹ ó máa rà bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Èmi náà kọ́ ọ ní ọ̀nà tó dùn mí. Gbọ̀nrìrì tí mo kọ́kọ́ rà, torí pé ó rọjú ni mo ṣe gbé e. Ẹ̀rọ náà ò ṣe mí ní nǹkan kan. Bíléèdì méjì tó bá a wá inú páálí ló tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ni mo bá ki èyí tó kú sápò, mo rìn dé Dùgbẹ̀, mo dé Ògùnpa, mo ń yọ ọ́ fún àwọn ọlọ́jà bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Ihò orí rẹ̀ ò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Ẹ̀rọ yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ mi títí dòní, aláǹtakùn ló ń gbé inú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye ẹ̀rọ, ẹ wo orí rẹ̀ níbi tí bíléèdì ń jókòó sí. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni olórí pẹrẹsẹ tó ní ṣóńṣó kéékèèké yí ká, tí ihò bíléèdì rẹ̀ rí bí ìràwọ̀, tí wọ́n ń fi sikúrúù dè. Bíléèdì irú èyí wà káàkiri, olówó kékeré wà ńbẹ̀, olówó ńlá wà ńbẹ̀. Èkejì ni Starlock, tí Bosch àti Fein jọ gbé jáde ní 2016. Bíléèdì rẹ̀ jin láàárín bí ọmọrí ìkòkò, ó ń ki orí ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ pátápátá, kì í yọ̀. Ó dára gan-an. Àmọ́ bíléèdì pẹrẹsẹ tó kún ọjà ò ní jókòó sórí ẹ̀rọ Starlock, bíléèdì tirẹ̀ sì wọ́n. Fún ilẹ̀kùn mẹ́ta, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwa tá a ń fi jẹun.

Ẹ sọ fún ọlọ́jà kó kó bíléèdì mẹ́ta síwájú yín. Ọ̀kan tí wọ́n kọ bi-metal sí, torí fúrémù wa ní ìṣó nínú; bíríkìlà a máa kan ìṣó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí kọnkéré lè dì í mú, bíléèdì igi lásán tó bá sì pàdé ìṣó, eyín á wọ́ dànù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan tó rí bí ìlàjì òṣùpá, tí ẹnu rẹ̀ rí ṣákaṣàka bíi yanrìn, ti balùwẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan tó fẹ̀ tí kò léyín, fún híha gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà. Ẹ béèrè iye wọn, ẹ rò ó mọ́ owó ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn lẹ ó mọ̀ bóyá olówó pọ́ọ́kú yẹn rọjú lóòótọ́. Ọlọ́jà tó bá ní “ẹ máa rí i níta,” ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Oníwáyà ni kí ẹ rà, bíi 300 wáàtì, tó ní nọ́ńbà 1 sí 6 tí wọ́n fi ń dín eré rẹ̀ kù. Irú ti Ingco tàbí Total tó wà káàkiri ọjà wa tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí iná, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour á gbé e. Oníbátìrì dùn ún lò, ṣùgbọ́n àyàfi tí dírílù oníbátìrì bá ti wà nílé tẹ́lẹ̀ tí wọ́n á jọ máa lo bátìrì kan náà. Ẹ sì ṣọ́ra fún nọ́ńbà gàdàgbà. Ọmọ iṣẹ́ mi ra ọ̀kan tí wọ́n kọ 128V sí. Nígbà tí bátìrì rẹ̀ kú, mo tú u wò, sẹ́ẹ̀lì márùn-ún ni mo bá ńbẹ̀ tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, fólítì 3.6 ni, bó bá kún dẹ́nu, díẹ̀ lé ní 4. Ẹ̀yin lolùkọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyí tí 18V ti iléeṣẹ́ kan àti 20V ti òmíràn fi jẹ́ ọ̀kan náà: ìkan ń ka ti ojoojúmọ́, ìkan ń ka ti ìgbà tó kún.

Bẹ́ẹ bá délé, ẹ mú èkúfọ́ táìsì kan, ẹ gbé e lé pákó pẹlẹbẹ tó nípọn tó sìmẹ́ńtì tí wọ́n máa tẹ́ sábẹ́ táìsì, ẹ sún un mọ́ ẹsẹ̀ fúrémù. Ẹ tẹ́ bíléèdì lé orí táìsì yẹn pẹrẹsẹ. Ọrùn bíléèdì tẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ikùn ẹ̀rọ gbá ilẹ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ kó tó kan igi. Ẹ wá máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ máa yí i sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń gé iṣu sísè tí kò fẹ́ kó fọ́. Bẹ́ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, kò ní yára sí i, gbígbóná ni yóò máa gbóná. Bó bá jẹ́ igi apá ni wọ́n fi ṣe fúrémù yín, ẹ ó rí èéfín tín-ín-rín, ẹ ó gbọ́ òórùn bíi ti ẹ̀pà tó fẹ́ jóná nínú agbada. Ẹ dáwọ́ dúró kó tutù. Eyín bíléèdì tó bá ti pa àwọ̀ aró bí àdìrẹ Ìtòkú yín, ó ti kú nìyẹn. Igi tó ń bọ́ kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù, ẹ bo imú àti ojú.

Ti balùwẹ̀, nọ́ńbà 2 tàbí 3 ni kẹ́ ẹ fi í sí, kí bíléèdì wà ní àárín gbùngbùn ìlà. Bó bá yà kan táìsì pẹ́rẹ́, ìlà tó máa fà síbẹ̀ ò ní parẹ́ mọ́. Ó ń falẹ̀, ó sì ń sú èèyàn. Ẹ ṣe ògiri kan lónìí, ẹ fi èkejì sílẹ̀ di ọ̀la.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò béèrè: lẹ́yìn táìsì, ilẹ̀kùn á máa gbá ilẹ̀, wọ́n á ní láti gé ìdí rẹ̀. Ẹ má fi Gbọ̀nrìrì ṣe ìyẹn. Ìlà rẹ̀ á rí bí ọ̀nà oko. Ẹ pe káfíńtà kó fi ayùn gé e. Bí ilé yín bá sì ti pẹ́, tí sílìn rẹ̀ jẹ́ asbestos, ẹ̀rọ yìí ò gbọ́dọ̀ kàn án rárá, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ fúrémù mẹ́fà yẹn nìkan ni, mi ò bá ní kí ẹ má rà á, kí ẹ san owó ọjọ́ kan fún káfíńtà. Balùwẹ̀ yẹn ló jẹ́ kó yẹ ní rírà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston fẹ́ fi irú ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sí mi, tòkunbọ̀ tó mọ́ dáadáa. Ṣé kí n gbà á? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ní kó ya fọ́tò ìwé pélébé tó wà lára ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí ẹ kó tó dì í. Bó bá jẹ́ oníwáyà, 120V ni wọ́n á kọ síbẹ̀, iná tiwa sì jẹ́ 230. Bó o bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì báyẹn, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, èéfín á jáde. Transfọ́mà tó ń sọ 230 di 120 wà o, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa máa gbé e kiri bí ẹni gbé òkúta lọ síbi iṣẹ́. Ní kó wá oníbátìrì. Kó wo ṣájà rẹ̀ náà, torí ọ̀pọ̀ ṣájà ọ̀hún, 120V nìkan ni wọ́n mọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó fi ẹ̀rọ àti bátìrì ránṣẹ́, kí ìwọ ra ṣájà 230 ti iléeṣẹ́ kan náà níbí. Kó sì kó bíléèdì bíi mẹ́wàá sínú àlàfo páálí náà.